Ibi Tí Bàbá Da Àgbá Sí

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1998.

Àbúrò mi àtàtà, Apẹja-má-mọ̀ọ́-lúwẹ̀ẹ́,

O kú ojú omi o. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń géni jẹ? Gbogbo wa wà dáadáa níbí. Orúnkún ń dun Bàbá, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá.

Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó òkun. Ó ń wá àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó máa ń ru àgbá pàǹtírí olóró ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì lọ dà sínú òkun láyé ọjọ́sí. O mọ̀ pé Bàbá ni akọ̀wé ọkọ̀ náà. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi ìka lé ọ̀gbun kan tó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ méjì, ó ní ibẹ̀ ni ìwé ọkọ̀ sọ pé wọ́n da gbogbo àgbá náà sí. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà mu tíì, ó fi máàpù sílẹ̀, ó lọ.

Mo rí i pé Bàbá kò wo máàpù náà rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo bi í.

"Oníbèérè, ṣé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ ni?"

Mo ní kì í tán. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Èbúté ni òun ti máa ń kọ ìwé náà kí ọkọ̀ tó ṣí, torí ìgbì kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun dúró, ọ̀gá ọkọ̀ sì fẹ́ràn ìwé tó mọ́. Òun á kọ ọjọ́, á kọ ibi, á kọ pé gbogbo rẹ̀ ti rì. Bí òkun bá wá le, wọn kì í dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti àgbá sómi. Èyí tó bá léfòó, wọ́n á fi àáké lù ú kí omi lè wọ inú rẹ̀. Ìwé kò yí padà.

Ó gba bírò mi, ó fi àmì sí ibi mẹ́ta lórí máàpù náà tí wọ́n da àgbá sí gan-an. Ẹ̀kẹta ni ibi tí o fi ń yangàn pé àwọ̀n rẹ kì í bọ̀ lófìfo.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi ń sọ pé eegun ẹja rẹ ń há òun lọ́fun, tí kò jẹ ẹ́, tí ìwọ ń bínú. Èmi jẹ ẹja yẹn. Ọmọ rẹ jẹ ẹ́. Bàbá ní ẹ̀rù ń ba òun láti sọ, pé o máa ní òun ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo ní, "Ọ̀fun yín nìkan lẹ wá ń ṣọ́, Bàbá?"

Mo ti ka ìwé méjì lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní òkun tóbi, oró náà á pòórá. Èkejì ní á wọ inú ẹrẹ̀ àti ẹja, á sì pẹ́ ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àgbá tí a fi àáké lù kì í ṣe àgbá tí a dé. Má dẹ àwọ̀n síbẹ̀ mọ́ títí wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé oúnjẹ rẹ ni mo ń já gbà lẹ́nu rẹ.

Lánàá, a gbé máàpù náà lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n gbé ìwé síwájú Bàbá pé kó buwọ́ lù ú ná, kó tó máa ròyìn. Ó ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi fa ọmọ létí. Bàbá ní bí o bá rí ẹja níbòmíràn, kí o mú un wá, òun á jẹ ẹ́ teegunteegun.

                                        Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò yé rò ọ́,
                                        Àǹtí Oníbèérè.