Ẹni Tó Bá Mi Wálé Láti Pópó Àgùdà

Ilé Bàbá Rẹ,
Ìlọrà.

Olúmidé Àkànmú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú gbogbo ìrìn tí ò ń rìn níwájú àwọn àlejò bí ẹni tó ń da ẹran lọ sí pápá. Ọlọ́run tó pààlà fún òkun, tó ní kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí òun fi í sí, yóò bá wa sọ fún ọ̀sà Èkó kó jókòó jẹ́ẹ́, kò ní tẹ̀lé ọ wọ yàrá. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ràn. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ méjì, èyí kejì fi ojú jọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbágùúdá tí a gbìn sí ọ̀nà Fìdítì ti ta, ọ̀yà ló ń jẹ ẹ́.

Kí n tó sọ ohunkóhun, fi yé gbogbo ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ pé láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Èkó dó, kò sí àlejò tí wọ́n yẹ́ sí níbẹ̀ bí wọ́n ṣe yẹ́ èmi Jesse sí. Ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi wa lọ fọn fèrè bí mo ṣe dé etí omi, gbogbo èrò dìde fún mi lórí àga, obìnrin ará Bùràsíìlì kan sì kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó dáa, n kò ní purọ́ fún ọmọ tí mo bí. Ọkọ̀ náà ń fọn fèrè fún ara rẹ̀, ó fẹ́ lọ ni. Àga irin ló gbóná tí àwọn èrò fi dìde. Okùn bàtà obìnrin náà ló tú. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó kù tí n ó kọ síhìn-ín, òótọ́ ni, àfi ibi tí mo bá ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Tíṣà Ezekiel tó ti Èkó dé jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní Alhaja Hamidah ọ̀gá rẹ ti ní kí o lọ jókòó sílé, nítorí pé bàbá arúgbó kan, ìyẹn èmi, sọnù lábẹ́ ọwọ́ rẹ, o sì fi àwọn àlejò sílẹ̀ nínú oòrùn, ò ń wá a kiri. Ó ní àfi kí bàbá arúgbó náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò fi ẹlòmíì sí ẹnu iṣẹ́ rẹ. Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lo fi ń san owó ilé, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, nítorí mo rí ojú rẹ bí o ṣe ń ṣe é. Ìyá rẹ ti fi fóònù Tíṣà sọ fún ọ pé mo délé láyọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń jù sínú afẹ́fẹ́. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú agolo gaàrí. Nígbàkígbà tó bá ké, mo máa ń jẹ́ kó ké tán kó sinmi. A kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìyẹn kí o tó mọ ọwọ́ ọ̀tún.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí Alhaja lè gbádùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá àwọn àlejò rẹ wo Èkó káàkiri, wọ́n fún wa ní ìwé kan kí mọ́tò tó gbéra, ìwé náà ń béèrè pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ta ni kí wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olúmidé, ó dúró tì mí níbí, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi okùn kọ́ nọ́ńbà sí mi lọ́rùn bí àgbò Iléyá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wo gbogbo ẹni tó bá mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Àwọn àlejò yìí ńkọ́? Àgbàlagbà ni wọ́n, irun dàdá ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ẹni tó se ẹ̀wà fún wọn ní kékeré ni, kí wọ́n tó fá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yà mí ní fọ́tò. Ní èbúté, mo rí àpótí irin tó tóbi bí ilé, wọ́n tò wọ́n léra wọn, kò ní fèrèsé. Mo béèrè pé àwọn wo ló ń gbé inú rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ rí oòrùn. O ní ẹrù ni. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo kan ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, n kò sì fẹ́ràn bó ṣe dáhùn.

O ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa lọ́jọ́ náà, kí Alhaja gbọ́. O ní àwọn Àwórì ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, pé oko ata ni ibi tí ààfin ọba wà lónìí, mo ní abájọ tí ojú gbogbo wọn fi pọ́n. O ní àwọn ará Ìbìní pàgọ́ síbẹ̀, àwọn Potogí gbé ọkọ̀ dé, wọ́n fún ìlú ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un. Ègùn wà níbẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, àwọn Sàró tó ti ọ̀nà jíjìn wá tí wọ́n ń wọ kóòtù nínú oòrùn wà níbẹ̀. O fi ilé àwọn Àgùdà hàn wá, tí wọ́n mọ òdòdó sára ògiri rẹ̀, o ní àwọn bíríkìlà wọn ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí. Níbi gbogbo tí a dé, ohun kan bí ẹní tí eku jẹ, dúdú àti funfun, wà lára ògiri. Gbogbo èèyàn ń na fóònù sí i, wọ́n sì ń tẹrí ba. Èmi náà tẹrí ba. N kò mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í bú òrìṣà olówó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn rẹ wálẹ̀. O ní omi tí à ń wò yìí kan náà, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èèyàn wọ ọkọ̀, àwọn ará òkè, àwọn ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ogun kó, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá. O ní díẹ̀ lára ọmọ wọn ló padà tí à ń pè ní Àgùdà, àwọn yòókù, omi ló mọ̀ wọ́n. Àwọn àlejò kan ṣí fìlà. Èmi náà ṣí tèmi, ìyẹn kì í sì í ṣe ìwà mi. Ọ̀sán gangan ni. Mo wo ilẹ̀, n kò rí òjìji mi.

Bí a ṣe wọ ilé Àgùdà tí wọ́n kó àwòrán sí nìyẹn. Ilẹ̀kùn dígí ibẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, mo kí ẹni tó ṣí i, n kò rí ẹnìkan. Inú ilé tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Àwòrán àwọn òkú yí ògiri ká, ọkùnrin inú kóòtù, obìnrin inú aṣọ funfun, ilà Ọ̀yọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Ojú wọn ń tẹ̀lé mi. Ọ̀kan nínú wọn mú ayùn káfíńtà dání, etí rẹ̀ òsì tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí tèmi. N kò mọ bó ṣe jẹ́, nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, ẹ ti jáde, ó ku èmi nìkan. Iná kan tàn, kò sí ẹni tó tàn án. Ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ohùn ìyá àgbà ni, Yorùbá tiwa níhìn-ín ló ń sọ. Orúkọ ló ń pè. Ó pe Àjọkẹ́, ó dákẹ́. Ó pe Òjó, ó dákẹ́. Bí ó bá ti pe ọ̀kan, yóò dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn.

Ìwọ mọ àṣà agbo ilé wa, Alhaja ni kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá ń jẹ iṣu tuntun, olórí ilé yóò pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wà yóò jẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá sí, èèyàn rẹ̀ kan ni yóò bá a jẹ́ ẹ, kí orúkọ má bàa já lulẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá já lulẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àbúrò bàbá bàbá bàbá mi kan wà tó ń jẹ́ Àbọ̀dé. Ó lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan láyé ogun, kò wálé. A kò rí òkú rẹ̀, a kò sì ṣòkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti pe Àbọ̀dé, ẹnìkan yóò dáhùn pé ó wà lóko, ó ń bọ̀. Bàbá mi ló ń dáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ó di tèmi.

Àwọn orúkọ náà ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ ọ. Ohùn náà wá ní, “Àbọ̀dé.”

Ẹnu mi ti ṣí kí ọgbọ́n tó dé. Mo ní, “Ó wà lóko, ó ń bọ̀.”

Iná kú. Ohùn náà kò pe orúkọ míì mọ́. Ẹnìkan mí kanlẹ̀ sí mi lẹ́yìn ọrùn, èémí náà tutù. Mo mọ̀ pé wàá ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, mo gbà. Ẹ̀rọ tó ń dúró gbọ́ èsì ńkọ́? Ọwọ́ tútù kan bà mí lápá, ó fà mí, nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo ti wà ní gáréèjì, mọ́tò Ọ̀yọ́ ń pe èrò. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Kò sì tán síbẹ̀. Nínú mọ́tò náà, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fún mọ́ra wọn lórí àga yòókù, ẹnikẹ́ni kò jókòó tì mí. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, kọ̀ndọ́tọ̀ bi mí pé ṣé n kò ní jí bàbá kejì ni. Mo dé Ìlọrà, Hàwáù elẹ́kọ tó múlé tì wá kí mi, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì.” Mo bi í pé ta ni ìkejì. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀, kò sì tíì gba iwájú ilé wa kọjá láti ìgbà náà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, èyí tó kọjú sí oko, òkúta la fi ń tì í. Ní gbogbo ọ̀sán, ṣíṣí là ń bá a, òkúta á sì wà lápá kan bí ẹni pé wọ́n fara balẹ̀ gbé e ni. Àwọn ewúrẹ́ kò gba ibẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ se iṣu sílẹ̀, ó padà dé, ẹyọ kan kò sí níbẹ̀, ó ní èmi ni. Ti àkọ́kọ́, èmi ni lóòótọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, n kò sí nílé. Lánàá, ẹnìkan húkọ́ nínú yàrá tí kò sí èèyàn. Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún wa, ó sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gba gbogbo àdúrà náà.

Nítorí náà, tí Tíṣà bá ń bọ̀, fi owó díẹ̀ rán an sí wa, páànù ìdáná ń jò, ìyá rẹ sì fẹ́ oògùn orúnkún. Ra tọ́ọ̀ṣì fún mi, má ra èyí tó ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ ra àga tí o ṣèlérí, jẹ́ kó jẹ́ méjì, n kò mọ irú ẹni tí à ń bá gbé, n kò sì fẹ́ kó máa nàró. Olúwa yóò tọ́jú àlọ rẹ, yóò tọ́jú àbọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ibi ire, wàá gbọ́, bí wọ́n bá pè ọ́ sí ibi burúkú, etí rẹ yóò di. Wàá pẹ́ láyé jù mí lọ, orí mi kò ní jẹ́ kí n sunkún ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jesse.

Olúmidé, mo ti ká ìwé yìí, mo tún tú u. Ìyá rẹ kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èyí la fẹ́ fi gba iṣẹ́ ọmọ padà. Nítorí náà, èyí tó kù yìí ni kí o kà fún Alhaja.

Kò sí ọwọ́ tútù kankan. Nígbà tí ò ń kó àwọn àlejò jáde, mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá àwòrán, mo fara pamọ́. Mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ bí mo ti máa ń ṣe nínú oko àgbàdo nígbà tí o kéré, tí wàá wá mi títí, tí n ó fò jáde. O padà wá pè mí, mo gbọ́. O tún pè mí, mo fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa mí. O jáde lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí ògiri fi pe Àbọ̀dé tí mo dáhùn, n kò lè sẹ́ ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí ọ létí ọ̀sà. O ti bọ́ bàtà, ò ń bi àwọn apẹja bóyá wọ́n rí bàbá arúgbó kan. Kí wọ́n tó dáhùn, o ti wọ omi, ó mù ọ́ dé àyà, ò ń fọwọ́ wá inú rẹ̀ kiri, ò ń ké Bàbá, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ o kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́ ọ. Mo jẹ́ orúkọ ẹni tí n kò rí rí, ọmọ tí mo bí ń pè mí, ohùn mi kò jáde. Ìtìjú ló dí i. Nígbà tí àwọn apẹja fà ọ́ jáde, tí mo rí i pé ò ń mí, mo gba ẹ̀yìn ilé, mo lọ wọ mọ́tò.

Alhaja, ọmọ mi kò sọ mí nù. Èmi ni mo sá fún un.