Ìpínrọ̀ Tí Mo Gé Kúrò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òkun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò ti kọ̀wé láti ọjọ́ yìí, ẹ ó sì dá ara yín lóhùn kí n tó lanu. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ. Ilé wa ní Kuje ṣì wà bó ṣe wà, àfi àga yín tí Mọ́mì gbé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọ́n tún gbé padà, tí wọ́n tún gbé kúrò. Inú yàrá ló wà báyìí, aṣọ tí a kò tíì ká ló wà lórí rẹ̀.

Ìwé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó dúró níwájú àwọn olùkọ́ tí wọn yóò fi ìbéèrè dà mí láàmú. Bí mo bá yege, mo ti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ jù mí lọ. Nígbà tí gbogbo ẹbí ní Kabba fẹ́ kí n lọ kọ́ nǹkan tó ní láárí, ẹ̀yin nìkan lẹ gbè mí lẹ́yìn. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bá rédíò jà? Bí wọ́n bá ti ní ènìyàn mẹ́fà kú lójú ọ̀nà, ẹ ó yíjú sí rédíò náà, ẹ ó máa béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé yóò dá yín lóhùn. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá, ohun kan wà tí mo fi pa mọ́ fún gbogbo ayé. Ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù, síbẹ̀ ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ rò ó fún.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ sí ìpàdé ẹbí ní Kabba, mo ti wà ní ọ́fíìsì ní Garki kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ mọ̀ pé ìwé ìròyìn orí ayélujára ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí mo fi ń ran ara mi lọ́wọ́ níléèwé. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja ti forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn Gwagwalada, ènìyàn mẹ́ta kú, àwọn márùn-ún fara pa. Olóòtú wa kì í fẹ́ kí ìròyìn ìjàǹbá ju ìpínrọ̀ mẹ́rin lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ìsàlẹ̀ la ti máa ń gé e, nítorí wọ́n kọ́ wa níléèwé pé òkè ni ohun tó ṣe pàtàkì máa ń wà. Mo mọ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. Máàkì tó ga ni mo gbà nínú rẹ̀.

Ìpínrọ̀ karùn-ún ni mo gé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àgbàlagbà ọkùnrin kan tó wọ búbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ewé wà lára àwọn tó fara pa, kò lè sọ̀rọ̀, wọn kò rí fóònù tàbí ìwé kankan lára rẹ̀, kí àwọn ẹbí rẹ̀ jọ̀ọ́ wá a wá sí ọsibítù. Mo kà á, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Mo kà á, mo gé e, mo gbé ìròyìn náà jáde, mo sì lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. N kò rí aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣì wà ní balùwẹ̀ nígbà tí mo ń jáde, ẹ ń kọrin, mo kàn kan ilẹ̀kùn kí yín pé ó dàbọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n Mọ́mì rí aṣọ náà. Mọ́mì sì máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ. Wọ́n ka ti ọjọ́ náà lórí fóònù wọn, wọ́n sì fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, kí Ọlọ́run tu àwọn tó ni wọ́n nínú. Àwa la ni yín. Nígbà tí wọ́n pè yín tí kò lọ, a rò pé ẹ ti tún pa fóònù kí bátìrì má baà tán, ìyẹn ti mọ́ wa lára. Ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó pè láti Kabba pé àwọn kò rí yín. Ilé òkú la ti rí yín. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lẹ tó dákẹ́.

Mọ́mì mọ̀ pé èmi ni mo kọ ìròyìn náà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìpínrọ̀ tí mo gé.

Nígbà tó wá kan iṣẹ́ ìwádìí mi, ohun tí àwọn oníròyìn ń gé kúrò nínú àtẹ̀jáde ìjàǹbá ọkọ̀ ni mo mú. Olùkọ́ mi yìn mí, n kò sì sọ ibi tó ti wá fún un. Mo kó gbogbo ìròyìn ìjàǹbá tí ibi iṣẹ́ wa gbé jáde lọ́dún náà, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé àtẹ̀jáde tí wọ́n ti mú un, mo sì ń kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù. Ẹnìkan kì í dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, kó má baà jẹ́ pé ohun tó wù ú nìkan ló máa rí. Ẹlòmíràn yóò tún ka gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀, yóò kọ èsì tirẹ̀, kí a tó wá gbé méjèèjì síra. Sídíkátù, ọmọ Yàgbà tí a jọ ń kàwé, ló bá mi ṣe é. Mo fi bébà bo orúkọ àwọn tó kọ ìròyìn.

Lọ́jọ́ tí a gbé e síra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ọ̀kan ló yàtọ̀ gedegbe. Ìbéèrè náà ni pé ṣé wọ́n gé ohun tó lè ran ẹbí lọ́wọ́. Èmi kọ rárá. Sídíkátù kọ bẹ́ẹ̀ ni.

“Kai! Odindi ìpínrọ̀ ni wọ́n gé níbí o. Ìwọ wá ní wọn ò gé nǹkan kan? Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?”

Mo ṣí bébà náà kó rí orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ẹni tí bàbá aláṣọ ewé jẹ́ fún un. Kò dì mọ́ mi, kò bá mi sunkún. Ó ti fọ́ọ̀mù mi padà síwájú mi.

“Ìwọ lo máa pa tìẹ dà. Èmi ò ní pa tèmi dà.”

Mo bínú sí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò ó pé kí n kúkú yọ ìròyìn yẹn kúrò, ta ló máa mọ̀? Àmọ́ bí mo bá yọ ọ́, mo ti gé yín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo pa ìdáhùn mi dà, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí náà pé èmi ni mo gé e.

Mọ́mì sì ti múra láti wá jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu àwọn olùkọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìn lánàá, a jọ ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, mo jẹ́wọ́, mo sì ka ìpínrọ̀ náà fún wọn. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

“Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàbá ẹ tó kú, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Wọ́n á ti máa wo ẹnu ọ̀nà.”

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà, wọ́n sì ń ṣa á lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta kankan kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Láti àná, wọn kò tíì bá mi sọ ju kí wọ́n dáhùn ẹ kú àárọ̀ tí mo kí wọn lọ, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ wo ẹnu ọ̀nà? Nígbàkígbà tí nọ́ọ̀sì bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣé èmi lẹ rò pé ó ń wọlé?

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò wọlé.