Irin Tó Já Bọ́ Sóko Hamid

Èjìgbò,
Ọjọ́ Sátidé.

Rùkàyyàt ọmọ mi,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n sọ èyí: bàbá rẹ kò jalè rí. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbíjàn, kí o tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ ní Faransé.

A kò tíì bí ọ nígbà tí irin dúdú roboto kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sóko ẹ̀gẹ́ Hamid, bàbá rẹ, ní Masifa. Ó gbé e wá bá mi, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, mo sì ń kọ́ni ní fisíìsì. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: táǹkì ara sátẹ́láìtì ni. Ó wọ̀ mí lójú. Mo ní kó fi sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́sẹ̀ náà, wọ́n jí ara ẹ̀rọ omi ìlú. Àwọn tó rí Hamid pẹ̀lú irin tọ́ka sí i, wọ́n sì wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ojú ọ̀run ló ti bọ́. Mo dáhùn pé, "Irin kì í ti ojú ọ̀run bọ́." Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí ìwé tí mo kà. Bàbá rẹ kó lọ sí Àbíjàn, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Masifa mọ́.

Nígbà tí o yà kí mi lóṣù tó kọjá, tí o ń ṣàlàyé róbọ́ọ̀tì yín tí yóò máa di òkú sátẹ́láìtì mú, tí yóò wọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè jóná, ara fu mí. Mo rò pé irin náà, tí mo fi pamọ́ sílé, lo wá wá. Àní nígbà tí o lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, mo tẹ̀ lé ọ, mo ṣe bí ẹni ń wá adìyẹ.

Mo wá bi ọ́ pé bí ẹ bá lè mú òkú, kí ni yóò dá yín dúró bí ẹ bá fẹ́ mú ààyè? O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ń fura bíi ti àwọn ìjọba. Ó lè mú ààyè, ìdí nìyẹn tí a kì í fi fọwọ́ kan èyíkéyìí láìgbàṣẹ. Bó ti wù kó ti pẹ́ tó tí ó ti kú, tẹni tó ni ín ni." Mo ní kí o tètè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Masifa, mo gbé irin náà síwájú gbogbo jamáà, mo sì sọ òtítọ́. Ìyá Ummuhani, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀, ní, "Tíṣà, kí lẹ tún fẹ́ gbà báyìí?" N kò bínú sí i.

Kí n má tàn ọ́, n kò tíì fọkàn tán róbọ́ọ̀tì yín. Ẹni tó ń darí apá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n Sódìq awakọ̀ tó ń ná Àbíjàn ló gbé irin náà bọ̀ yìí. Fi lé Hamid lọ́wọ́. Bí orílẹ̀-èdè tó jù ú sókè bá wá béèrè, ọwọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n ti bá a, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó jẹ́ kí bàbá rẹ tún rí ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ tó da bàbá rẹ,
Sàlàkọ́.

Àfikún: Àpá ayùn wà lábẹ́ irin náà. Èmi ni mo fẹ́ gé e wò, ayùn ló kán. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ dárúkọ mi.