Ẹni Tí N Kò Pè

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Keje 2025. Ìkẹ́rẹ́.

Ọpẹ́yẹmí ọmọ mi pè láti Èkó lẹ́yìn ìsìn. Ó ń mú Bàbá lọ sí Kẹ́ńyà. Wọn á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọn á wọ ọkọ̀ ojú irin tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún àlejò. Ó wá ní: "Ẹ̀yin náà lè bá wa lọ, sà."

Ẹ̀yin náà! Bàbá tó ń wí kì í ṣe èmi. Jacob ni, àbúrò mi, àgbẹ̀ kòkó ní Ẹmùré. Èmi tí mo bí i ni "sà".

Mo ní màá lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ rí níbẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15. Pápá ọkọ̀ òfurufú, Èkó.

Ọpẹ́ kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó ń so okùn àpò mọ́ Oníkòkó láyà. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe Jacob bẹ́ẹ̀.)

"Bàbá, ṣé kò fún yín jù?"

"Fún un dáadáa, kí n má baà fò lọ kí ọkọ̀ tó gbéra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo so okùn tèmi fúnra mi. Ó wọ́.

N kò lẹ́tọ̀ọ́ àtibínú, mo mọ̀. Mo fi òun àti Mojírádé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, mo lọ bá obìnrin kan ní Ìbàdàn. Mojírádé kú. Mo wá síbi ìsìnkú, mo jẹun, mo padà. Jacob ló tọ́ ọmọ náà. Mo mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ inú ń bí mi.

Ọjọ́rú, 16. Nàìróbì.

Òtútù. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́, ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ kún un dé ẹnu ọ̀nà — nọ́ọ̀sì kan ń sùn lórí ìdúró, ọkùnrin kan ń wàásù, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ọ̀dọ́ kan dìde kí n lè jókòó.

Kí a tó wọlé, Ọpẹ́ ti já àpò gbà léjìká Oníkòkó. Kò bèèrè. Bí ọmọ ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ bàbá tó ti oko dé. Ó wá yíjú sí mi: "Sà, ṣé kí n bá yín gbé e?"

Ìbéèrè yẹn ló dùn mí. Ta ló ń bi bàbá rẹ̀ ní irú rẹ̀? Mo ní kò wúwo. Èjìká mi ti bó.

Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ya ojú irin yìí sójú pátákó láìmọye ìgbà, láti Mombásà dé Ùgáńdà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọpẹ́ ń mi orí bí ọmọ tó ń retí agogo ìsinmi. Ni Oníkòkó bá wo àwọn tó ń sùn: "Ọpẹ́, ta ló ń jí àwọn yìí? Àbí wọ́n máa ń sùn kọjá ulé wọn ni?" Ọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ulé" ará Èkìtì! Ní Nàìróbì!

Ọjọ́bọ̀, 17.

Ẹ̀rín Mojírádé gan-an ni Ọpẹ́ ń rín. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Jacob ti mọ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

A wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà Límúrù. Ó dúró ní ibùdó kan kí ọkọ̀ mìíràn lè kọjá. Obìnrin kan ń sun àgbàdo lẹ́bàá ojú irin, ni Jacob bá sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ́ kọ̀yìn sí fèrèsé, ó ń fi fóònù wá ilé tí a máa sùn sí. Èmi ni mo wà létí fèrèsé.

Fèrè dún lọ́hùn-ún níwájú ọkọ̀. Jacob kò gbọ́ — etí rẹ̀ kan ti di. Ó ń yan àgbàdo, ó ń fọwọ́ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é, á gbọ́. Ẹnu mi là. Ọkọ̀ gbéra. Ó gbójú sókè, ojú wa pàdé.

N kò pè é. Mo fẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo díẹ̀.

"Bàbá mi dà?" Gbogbo èrò yíjú. Mo ní n kò rí i.

A sọ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, a wá bọ́ọ̀sì padà. Ọpẹ́ gbé àpò tirẹ̀ sẹ́yìn, ti Jacob sáyà, ó ń sáré. Kò wẹ̀yìn wò mí.

A bá a lórí bẹ́ǹṣì alágbàdo, ó ń jẹun. Ó ti fi háhá wé ọ̀kan pa mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó rọ̀ ni mo yàn fún yín, nítorí eyín yín." Ó wá sọ fún Ọpẹ́ pé òun lòun juwọ́ sí mi pé kí a máa lọ, òun á wọ èyí tó ń bọ̀.

Irọ́. Ọpẹ́ kàn wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19.

Jacob lọ wẹ̀, ó ku èmi àti Ọpẹ́. Mo ní, "Irọ́ ló pa lánàá. Mo rí i. N kò pè é."

Ó ń ro tíì rẹ̀. "Mo mọ̀, sà. Mo mọ ojú yẹn."

Ó ní lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Ìbàdàn, òun lòun ru àpò mi dé gáréèjì Ìkẹ́rẹ́. Òun rò pé àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Mo sọ àpò náà kalẹ̀ lórí òun, mo wọlé, mo jókòó sétí fèrèsé. "Ọkọ̀ gbéra, ẹ ń wò mí. Ẹ ò pè mí, ẹ ò tiẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá wá bá mi níbẹ̀."

Mo rántí gáréèjì náà. N kò rántí pé òun ló ru àpò.

Ọjọ́ Ajé, 21.

Ọpẹ́ kò bèèrè mọ́ bóyá kí òun bá mi gbé àpò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22. Ìkẹ́rẹ́.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́. Àwọn ń lọ sí Ẹmùré. Èmi sọ̀ ní gáréèjì. Ọpẹ́ sọ̀ pẹ̀lú mi, ó ṣí bùútù, ó gbé àpò mi. Kò bèèrè!

Ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ mi. "Ó dàbọ̀, sà." Ó wọlé, ó jókòó sétí fèrèsé.

Ọkọ̀ gbéra. Ó ń wò mí. Mo dúró ti àpò mi bí ọmọdé. Kò pè mí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yà ní kọ́nà, orí kan yọ ní fèrèsé kejì, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n o! Ẹ̀gbọ́n!"

Jacob ni. Ó ń pè mí títí n kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́.