Àwo Mojọlá Tí A Pín Fún Àlejò

Mojọlá, ọdún kẹta pé lónìí, inú ṣì ń bí mi.

Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Lékè ọmọ wa ti ra ilé sí Pearland. Ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin ní oṣù kẹta. Lará, àbíkẹ́yìn rẹ, ti parí ẹ̀kọ́ oògùn, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ó sì ń dá gbé ní fúláàtì kan ní Sharpstown. Iṣẹ́ epo ti wọlẹ̀ ní Houston. Àwọn ilé oúnjẹ ń kógbá sílé, wọ́n ń kó àwo wọn síta, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀. Irú àwo tí o máa ń wá kiri ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀! Ìgbà tí o kò sí mọ́ ni ó wá kún ìta.

Àwo ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn kò jọ mí lójú nígbà ayé rẹ. Wọ́n nípọn, wọ́n wúwo, etí àwọn mìíràn ti kán. Mo rò pé ọdún mẹ́fà tí o fi fọ àwo nínú kíṣìnì hòtẹ́ẹ̀lì ní Uptown yẹ kó ti mú un sú ọ. Kò sú ọ. Níbẹ̀ ni o ti kọ́ láti máa yí àwo dojú dé, kí o ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìdí rẹ̀: Buffalo, Shenango, Syracuse. Ti Syracuse ni o fẹ́ràn jù, nítorí àmì kékeré tí o fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìwọ àti Lará lẹ jọ ń kà á. Àádọ́rin ni ẹ kó jọ sí gáréèjì. O sọ fún gbogbo wa pé ti Lará ni.

Ọjọ́ ìrántí ọdún kìíní ni nǹkan bàjẹ́. O mọ ìṣe wa: àlejò kì í ti ibi ìrántí lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Abọ́ oníke tó ní àwòrán rẹ, tí a ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, kò dé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹun tán, wọ́n ń wo ọwọ́ wa. Evelyn àbúrò rẹ wá bi mí bóyá kí a pín àwọn àwo inú gáréèjì. Mo mọ ohun tó ń bi mí, mo mọ̀ pé ti Lará ni. Ìtìjú ni mo rò. Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n lẹ bébà tó ní orúkọ rẹ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí orúkọ ilé iṣẹ́ gan-an. Ife lọ sílé ẹnìkan, sọ́sà rẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn. Kò ku ẹyọ kan!

Lará ń ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, ó dúró nínú gáréèjì, ó ní, "Dádì, Mọ́mì gan-an lẹ pín fún wọn yẹn o." Kò wọ ilé yìí mọ́ fún ọdún méjì. Ó ń fóònù ní ọjọ́ Àìkú, ó ń bèèrè ìlera mi, ó ń gbé e sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwo padà. Mojọlá, iṣẹ́ náà sú mi! Bàbá àgbà wo ló ń kan ilẹ̀kùn kiri pé òun fẹ́ gba ẹ̀bùn tí òun fúnni? Mákánjúọlá, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, fi tirẹ̀ sábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ìyàwó rẹ̀ lọ ra tuntun fún mi ní mọ́ọ̀lù. Ó ní, "Ẹ gba èyí, Dádì. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn ti gbó, ojú ń tì mí láti dá a padà." Mo gbé e lọ sílé. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti gba ti tẹ́lẹ̀. Olúbùkọ́lá ní Pearland kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́. Àwo tí wọ́n ya ẹṣin àti màlúù sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjìlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi. Agara dá mi. Mo kó wọn sínú ọkọ̀, mo lọ sí Sharpstown láìfóònù. Nígbà tí Lará ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Mo mọ̀ pé tìrẹ ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n pín in. Má bínú."

Ó bu omi gbígbóná, ó rẹ àwo kan sí i, ó fi èékánná ha bébà náà kúrò. Orúkọ rẹ rọ̀ sínú omi. Kò rọrùn fún mi láti wò. Shenango ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kà á sókè bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó wá bèèrè ibi tí àwọn yòókù wà. Mo ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kan Olúbùkọ́lá, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dìde, Dádì. Ẹ ṣáà jókòó sínú mọ́tò. Èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀."

A gba ti Pearland. Ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan ti fọ́, àwọn kan ti bá àwọn tó gbà wọ́n kó lọ sí Dallas, àwọn kan ń sẹ́ pé àwọn kò gba nǹkan kan. Kò lè pé mọ́. Èyí ni yóò máa bí mi nínú títí. Ṣùgbọ́n Lará ń bọ̀ wá jẹun nílé lónìí.

Mojọlá, àárò rẹ ń sọ mí ní òwúrọ̀, ó ń sọ mí ní alẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì la fi jọ gbé, bóyá ni mo sọ èyí fún ọ ju ìgbà mẹ́ta lọ: mo fẹ́ràn rẹ. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ.

Láyíwọlá, ọkọ rẹ, pẹ̀lú Lékè, Lará, àti Evelyn, tó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.
Houston, 1987