Ìdámẹ́rin Ìyá Rẹ

Cane Branch,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo fún àwọn adìẹ lóúnjẹ tán.

Jonelle ọmọ mi,

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì oṣù tó kọjá gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, òun náà ni mo bẹ̀ pé kó má jẹ́ kí Ṣikágò gbé orí rẹ lọ. Ara mi le, àfi orúnkún òsì. Ilá so dáadáa, àgbọ̀nrín sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ti gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lálẹ́ kí n lè yí i sílẹ̀ láàárọ̀. Ìròyìn ilé tán. Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, inú mi kò sì dùn sí i rárá.

Mo rí káàdì tí o fi ránṣẹ́. O ní ilé ẹ̀kọ́ yín ń ta fọ́tò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà, láti fi ran àwọn ayàwòrán aláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde lọ́wọ́, àti pé ìwọ náà wà lára wọn. Mo ka ìlà yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tún wọlé lọ kà á lábẹ́ iná. Yọ jáde láti ibo? Ṣé alábahun ni ọ́ ni? Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bí ọ, ojú mi ló ṣe, mo sì san owó wọn tán. Ti "aláwọ̀" yẹn wá ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ sókè ẹ̀rọ omi àwa ènìyàn dúdú ní kóòtù, èyí tí omi rẹ̀ kì í tutù. Bàbá mi ní kí n pa òǹgbẹ mọ́ra títí a ó fi délé. A jà títí wọ́n fi yọ pátákó yẹn, ìwọ wá fọwọ́ ara rẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí káàdì tó ń dán, o tún lẹ iye owó mọ́ ọn nídìí. Arábìnrin Ozella tó ń gbé ní òdìkejì títì wa ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti yàtọ̀, pé àwọn ọmọ ìwòyí ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́. Mo ní bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lóòótọ́, àwọ̀ ti bá omi lọ, nítorí fọ́tò tí ẹ ń tà, dúdú àti funfun ni.

Àpótí kékeré kan wà ní igun káàdì náà tó dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Ozella ní kí a na fóònù òun sí i. Mo ṣí fìlà, mo fọwọ́ tẹ́ irun mi, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ṣe bí èmi ló fẹ́ yà. Èmi kọ́. Ìsọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín ló ṣí, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìyá rẹ nínú fọ́tò tí o yà.

Jonelle, nínú gbogbo ọjọ́ tí o fi wà pẹ̀lú obìnrin yẹn kó tó kú, gbogbo Ọjọ́ Àjíǹde tó múra tí ṣọ́ọ̀ṣì ń yíjú wò ó, èyí ni o mú. Rólà tí wọ́n fi ń ká irun kún orí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì mi tó ya lápá ló wọ̀, abọ́ ẹ̀wà wà lórí itan rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà láìkọ́kọ́ wé gèlè, o ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n tún kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gba ojú rẹ̀ kọjá bí àpò oúnjẹ adìẹ. Nígbà tó yá, fóònù ní ṣé kí òun fi í sínú kẹ̀kẹ́ ọjà. Mo bi fóònù náà bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Nísàlẹ̀ fọ́tò ni ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ 5/20 sí. Ìwé kẹjọ ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn ìṣirò. Márùn-ún lórí ogún, ìdámẹ́rin ni. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni ẹ ń ta ìdámẹ́rin ìyá rẹ. Mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Mo bi í pé ìdá mẹ́ta tó kù dà. Ó ní rárá sà, gbogbo wọn ló péye, pé ogún ẹ̀dà ni àwọn tẹ̀, ìkarùn-ún nínú wọn ni ìyẹn. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi gbé e lé ogún lórí? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣáájú ti tà, pé dókítà eyín kan ní Denver ti gbé ọ̀kan kọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Ìyá rẹ tí kò jókòó sórí àga dókítà eyín rí àfi bí mo bá dì í lọ́wọ́ mú, òun ló wá ń fi rólà wo àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú láàárọ̀.

Mo ní kí wọ́n kúkú tẹ púpọ̀ sí i, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹyin. Ó ní rárá sà, bí ogún bá ti pé, kò ní sí òmíràn mọ́ láéláé. Èyí nìkan ló yé mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ozella ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gba fóònù rẹ̀, ó wò ó, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Arákùnrin Lemuel, fọ́tò ìyàwó yín tó wà nínú férémù pálọ̀ yẹn, fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀. Arletha gan-an nìyí."

Mo tún un wò. Ẹnu ìyá rẹ ṣí díẹ̀ nínú fọ́tò náà. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: Jonelle, gbé nǹkan yẹn kalẹ̀, wá bá mi bó ẹ̀wà. Mo dúró dè é kó sọ ọ́, títí Ozella fi ní iná fóònù òun fẹ́ tán.

Mi ò tíì dárí rólà yẹn jì ọ́ o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdajì owó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ, ìdajì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, nítorí náà mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó. Mọ́níọ́dà ọgọ́rùn-ún dọ́là wà nínú lẹ́tà yìí, má fà á ya. Nínú tìrẹ, dá ogún dọ́là padà fún mi kí n fi ra dígí. Igi férémù wà nílẹ̀ níbí, mi ò ní sanwó igi fún ẹnikẹ́ni ní Ṣikágò. Má sì fi márùn-ún lórí ogún ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí wọ́n bá kọ ogún lórí ogún sí ni kí o tọ́jú fún mi. Ọmọbìnrin yẹn lè sọ ohun tó bá fẹ́, inú ìyẹn nìkan ni ìyá rẹ ti pé.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ojú tí o fi ń wo ènìyàn. Kó jẹ́ kí o máa jẹun kí o tó yàwòrán. Kó sì mú ọ wá sílé kí ọdún yìí tó parí, kì í ṣe ìdámẹ́rin ojú rẹ tí mo ń rí nínú fóònù Ozella nígbà tí o bá pè, bí kò ṣe ogún lórí ogún.

Èmi bàbá rẹ,
Lemuel Gadsden