Mo Rí Bùọ̀dá Rótìmí ní Róòmù

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Mo ti dé láti Róòmù. Ilé iṣẹ́ wa ní Igbó Ẹfọ̀n ló rán àwa mẹ́ta lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ ra bàtà. Èmi lọ bá Bùọ̀dá Rótìmí.

N ò ní parọ́ fún yín, ìjà ni mo gbé lọ. Ọdún mẹ́rin rèé tí a ti sin yín, n ò gbé ìpè rẹ̀ rí. Àkọ́bí yín ò wá síbi ìsìnkú. Èmi àbúrò ni mo kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí yín. Kí bàálù tó balẹ̀ ni mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un.

Ó ní kí n pàdé òun lẹ́nu Kọlọsíọ́mù, ibi tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ti máa ń wo ìjà èèyàn àti ẹranko. Apá kan rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n èyí tó kù ga débi pé ọrùn ń dun èèyàn láti wò ó. Bùọ̀dá ti hu ewú. A yí ibẹ̀ po, a jáde, a ò sọ ju ọ̀rọ̀ oòrùn àti bàtà mi tó ń ta mí lẹ́sẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ó mú mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sójú ọ̀nà àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, sàréè àwọn ọlọ́lá ìgbà yẹn sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó dúró níwájú ọ̀kan, ó fi ìka àárín lu bíríkì kan, ó tẹ́tí, ó tún lu òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe máa ń yẹ búlọ́ọ̀kù wò níbi iṣẹ́ bíríkìlà yín ní Ṣàngótẹ̀dó.

Ó ní, "Èmi ni mo tún ibí yìí ṣe."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ṣebí torí kó má baà ṣe bíríkìlà ló ṣe sá fún yín? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń sọ fún gbogbo ará Addo pé ọ́fíìsì lọmọ yín ń jókòó sí ní Ítálì? Irọ́ ló pa fún yín, Bàbá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tó ti wà lára àwọn tó ń tún ògiri àtijọ́ ṣe. Wọn kì í lo sìmẹ́ǹtì, ẹfun àti iyanrìn ni wọ́n ń pò. Ó ní ọ̀gá òun bi òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ta ló kọ́ òun láti to bíríkì kó gún báyẹn. Ó dárúkọ yín.

Ìgbà náà ni mo wá bi í pé kí ló dé tí kò wá sin yín. Ó ní òun ò ní ìwé ìgbélùú nígbà yẹn. Bí òun bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́, ìyàwó òun sì wà nínú oyún. Ó ní ọjọ́ tí a sin yín, ẹfun lòun ń pò níbi ògiri yẹn, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò kalẹ̀ pòórá. Kí lẹ̀yin ì bá sọ? Nígbà àìsàn yín, ẹ ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí yín. Síbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ ń bi mí bóyá fóònù dún.

Bùọ̀dá bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta, níwájú èmi àbúrò rẹ̀.

"Bá mi bẹ Bàbá. Ìwọ lo sin wọ́n."

Ìyá òyìnbó kan tó ń kọjá rò pé ó ṣubú ni, ó fẹ́ fà á dìde. Mo juwọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, èmi fúnra mi gbé e dìde, mo sì gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti jẹ́ ẹ.

Ó ti rí ìwé gbà báyìí, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni n óò mú un wá síbi sàréè yín, n óò sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún un. N ò tíì mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.